Àléébù Tó Ní Nọ́ńbà: Ẹ̀kọ́ Ọdún 2023 Láti Victoria Garden City

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2023, tí àwọn ará Èkó jáde láti yan gómìnà àti àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀, ìdìbò kò wáyé ní ibùdó ìdìbò 10 ní Victoria Garden City, ọgbà ńlá olódi tí tẹrú-tọmọ mọ̀ sí VGC, lẹ́bàá títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà. Àwọn olùgbé fẹ́ dìbò nínú ọgbà wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ àjọ elétò ìdìbò, INEC, kò fẹ́ wọlé. Ọ̀rọ̀ náà di fà-á-n-fà-á. INEC wá kéde pé ọjọ́ kejì, ọjọ́ Àìkú, ni wọn yóò dìbò níbẹ̀. Ìkéde náà dárúkọ ibi tí ọ̀rọ̀ kàn, ó sọ iye ibùdó, ó sọ pé àwọn olùdìbò tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ 6,024, ó sì sọ pé 5,624 nínú wọn ló ti gba káàdì ìdìbò wọn. Ní ọjọ́ 19, wọ́n dìbò.

Kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n sún ìdìbò òun síwájú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ìkéde yẹn yóò rí i pé gbogbo ohun tó yẹ kí ènìyàn mọ̀ nípa ìṣòro kan ló wà nínú rẹ̀: kí ló ṣẹlẹ̀, níbo ló ti ṣẹlẹ̀, àwọn mélòó ló kàn, ta ni yóò tún un ṣe, ìgbà wo ni yóò sì parí. Nítorí náà, bí inú ẹnikẹ́ni tilẹ̀ bàjẹ́, kò sí ìdí fún un láti máa méfò. Ìṣòro náà ní orúkọ, ó ní ìwọ̀n, ó sì ní òpin.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà, ìṣòro mìíràn ti ṣẹlẹ̀ tí kò ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì, Nàìjíríà dìbò yan ààrẹ àti àwọn aṣòfin àpapọ̀. Ibùdó ìdìbò 176,846 ló wà káàkiri orílẹ̀-èdè. INEC ti ṣèlérí pé bí wọ́n bá ti ka ìbò tán ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, òṣìṣẹ́ yóò fi ẹ̀rọ BVAS ya àwòrán ìwé èsì, yóò sì fi ránṣẹ́ sí ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì kan tó ń jẹ́ IReV, kí ẹnikẹ́ni lè wò ó láti ilé rẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ dé, àwòrán èsì ìdìbò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà àti ti ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ń wọlé. Ti ààrẹ kò wọlé. Ní ọjọ́ kejì, INEC sọ pé ìṣòro ẹ̀rọ ni, pé ó jẹ mọ́ gbígbé ètò tí wọ́n ń lò fún ìdìbò kéékèèké lọ sí ìdìbò gbogbo orílẹ̀-èdè, àti pé kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni já wọlé. Ó tó nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà, nínú ìròyìn tí INEC gbé jáde ní oṣù Kejì ọdún 2024, kí aráàlú tó rí àlàyé kíkún kà.

Àlàyé náà kò le. Ẹ jẹ́ kí a fi pẹpẹ ìkówèésí ṣe àpèjúwe. Wọ́n to pẹpẹ náà ní ìpínlẹ̀-ìpínlẹ̀. Ìwé èsì aṣòfin àgbà láti Ọ̀ṣun ń lọ sí àyè Ọ̀ṣun. Ìwé èsì aṣojú-ṣòfin láti Èkó ń lọ sí àyè Èkó. Ṣùgbọ́n gbogbo Nàìjíríà jẹ́ ẹkùn ìdìbò kan ṣoṣo fún ààrẹ; kò sí lábẹ́ ìpínlẹ̀ kankan. Nígbà tí ìwé èsì ààrẹ dé, ètò kọ̀ǹpútà náà ń wá àyè rẹ̀ lórí pẹpẹ, kò rí i, ó sì kọ̀ ọ́. Wọ́n ti lo IReV láti oṣù Kẹjọ ọdún 2020. Wọ́n lò ó fún ìdìbò gómìnà ní Èkìtì àti ní Ọ̀ṣun ní ọdún 2022. Kò sí ìkankan nínú àwọn ìdìbò wọ̀nyẹn tó kọjá ààlà ìpínlẹ̀ kan, nítorí náà àléébù náà ń sùn níbi tó wà. Ìròyìn INEC sọ pé wọ́n tún un ṣe ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, àti pé aago mẹ́sàn-án alẹ́ ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni ìwé èsì ààrẹ àkọ́kọ́ wọlé.

Ta ló wọlé kọ́ ni ìbéèrè ibí yìí. Ilé ẹjọ́ tó gbọ́ ẹ̀sùn ìdìbò ààrẹ ti dá ẹjọ́ ní oṣù Kẹsàn-án, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Wọ́n ní IReV kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ro èsì pọ̀, pé ibi tí aráàlú ti ń wo èsì ni. Ìbéèrè tó kù ni pé: bí àlàyé àléébù náà kò bá ju ìlà mẹ́wàá lọ, tí àwọn tó wà ní ìdí ẹ̀rọ sì ti mọ̀ ọ́n ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, kí ló dé tí odidi ọdún kan fi kọjá kí ẹni tó dìbò tó kà á? Nínú ọdún kan yẹn, àhesọ gba ìgboro kan. Ẹni tó ní ojoro ni kò ní ẹ̀rí tí yóò gbé kalẹ̀. Ẹni tó ní àṣìṣe lásán ni kò ní tirẹ̀ náà.

Ìlà mẹ́wàá tí ọ̀rọ̀ kàn yìí ní ìtàn tó gùn. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1947, ní yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ràgàjì kan tó ń jẹ́ Mark II rí i pé ẹ̀rọ náà ń ṣe ségesège. Wọ́n tú u wò, wọ́n bá àfòpiná kan tó há sínú rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi tépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ewé ìwé àkọsílẹ̀ wọn, wọ́n kọ aago tí wọ́n rí i àti apá ibi tó há sí gan-an, wọ́n sì fi ẹ̀fẹ̀ kọ ọ́ pé èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ọwọ́ yóò ba kòkòrò gidi. Ẹ̀fẹ̀ ni, nítorí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ Amẹ́ríkà ti ń pe àléébù ní kòkòrò tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìgbà náà. Ohun tó yẹ kí á rántí kì í ṣe kòkòrò náà bí kò ṣe ìwé. Aago wà níbẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀rí wà níbẹ̀, ìwé náà sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian títí di òní.

Àkọsílẹ̀ nìkan kò tó bí ilẹ̀kùn bá wà ní títì. Ní nǹkan bí ọdún 1980, Richard Stallman ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí kọ̀ǹpútà ní MIT. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun kan láti ilé-iṣẹ́ Xerox ń há níwèé lemọ́lemọ́. Stallman ti tún ètò irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe rí, kí ó lè máa kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn bí ìwé bá há. Lọ́tẹ̀ yìí, kò rí kóòdù náà gbà. Ẹni tó ní in lọ́wọ́ ti ṣèlérí pé òun kò ní fún ẹnikẹ́ni. Ọgbẹ́ yẹn wà lára ohun tó mú un kéde iṣẹ́ GNU ní ọdún 1983, tó sì gbé ìwé àṣẹ GPL jáde ní ọdún 1989. Ìwé àṣẹ náà fún ẹnikẹ́ni tó bá gba ètò kọ̀ǹpútà ní ẹ̀tọ́ mẹ́rin: kí ó lò ó bó ṣe wù ú, kí ó yẹ kóòdù rẹ̀ wò, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in fún ẹlòmíràn. Ní ọdún 1998 ni orúkọ tí ayé fi mọ irú sọ́fítíwìà bẹ́ẹ̀ lónìí, open source, jáde.

Ìdí tí ìwé àṣẹ fi ṣe pàtàkì ni pé òfin fúnra rẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Ní Nàìjíríà, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ àwọn iṣẹ́ ìwé kíkọ. Òfin tuntun lórí ọ̀rọ̀ náà, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2023, ọ̀la ìdìbò tí kò wáyé ní VGC, kò yí èyí padà. Bí ẹnìkan bá gbé kóòdù rẹ̀ síta láìkọ ìwé àṣẹ sí i, ojú lásán ni aráàlú lè fi wò ó. Wọn kò ní ẹ̀tọ́ láti tún un ṣe, wọn kò sì ní ẹ̀tọ́ láti lò ó. Rírí kì í ṣe níní.

Ìgbà tí ìwé àṣẹ àti ìwé àkọsílẹ̀ pàdé ni nǹkan tó yí padà pátápátá. Ní ọdún 1993, Ian Murdock dá iṣẹ́ Debian sílẹ̀ láti kó àwọn sọ́fítíwìà tó ṣí sílẹ̀ jọ fún ìlò gbogbo ayé. Ní ọdún 1994, Ian Jackson ṣe ìwé àkọsílẹ̀ àléébù fún wọn: ẹnikẹ́ni tó bá rí àṣìṣe yóò kọ lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà, ètò náà yóò fún àṣìṣe ọ̀hún ní nọ́ńbà, gbogbo ayé yóò sì máa rí i. Ní ọdún 1997, Debian sọ ọ́ di májẹ̀mú pẹ̀lú àwọn tó ń lo iṣẹ́ wọn pé àwọn kò ní fi ìṣòro pamọ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Netscape ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún aráyé lábẹ́ orúkọ Mozilla, Terry Weissman ṣe Bugzilla, ìwé àkọsílẹ̀ àléébù tí òun náà ṣí sílẹ̀, tí àwọn iṣẹ́ mìíràn sì mú lò láìsan kọ́bọ̀. Láti ìgbà náà wá, sísọ pé «a ti tún un ṣe» kò tó mọ́. Wọn yóò bi ọ́ pé, «Nọ́ńbà wo?»

Kí ló yẹ kó wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀? Èkíní ni nọ́ńbà tí kì í yí padà, tí wọn kì í sì í fún àléébù mìíràn láéláé. Èkejì ni àpèjúwe tí ẹlòmíràn lè tẹ̀ lé: ohun tí olùlò ṣe, ohun tó ń retí, ohun tó rí dípò rẹ̀, àti ẹ̀dà sọ́fítíwìà tó lò. Ẹ̀kẹta ni bí ó ṣe le tó. Kí àṣìṣe àwọ̀ àti àṣìṣe tó dí èsì ìdìbò lọ́wọ́ má baà jókòó lórí ìjókòó kan náà. Ẹ̀kẹrin ni orúkọ ẹni tó gbà á ṣe, nítorí iṣẹ́ gbogbo ènìyàn kì í pẹ́ di iṣẹ́ aláìlólúwa. Ẹ̀karùn-ún ni ìtàn tí kò ṣeé parẹ́: ta ló ṣí i, ta ló yí i padà, nígbà wo, àti ìlà kóòdù wo ni wọ́n tún ṣe kí wọ́n tó pa á dé. Ẹ̀kẹfà ni pé kí àwọn ìròyìn tó ń sọ nǹkan kan náà lè di ọ̀kan, kí ẹgbẹ̀rún ènìyàn tó bá pariwo lórí àléébù kan lè mọ̀ pé ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Ìwé náà sì gbọ́dọ̀ ṣeé wá inú rẹ̀, ní èdè tí aráàlú ń kọ. Èyí kan Yorùbá ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Lẹ́tà «ẹ́» lè wọ inú kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ: ẹnìkan lè fi àmì ohùn lé «ẹ», ẹlòmíràn lè fi àmì ìsàlẹ̀ sí «é». Ojú ènìyàn rí ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí wọn kò kọ́ yóò rí méjì. Ẹni tó bá wá «ẹ̀rọ» nínú irú ìwé àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè wá a títí kó má rí i, bẹ́ẹ̀ ó wà níwájú rẹ̀.

Àwọn tó ń kọ sọ́fítíwìà ti rí i pẹ̀lú pé kò dára kí ilé tí ìwé àkọsílẹ̀ ń gbé wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ ẹlòmíràn. Láti ọdún 2002, àwọn tó ń ṣe Linux lo BitKeeper láti máa tọ́jú àyípadà kóòdù wọn. Ọ̀fẹ́ ni fún wọn, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kan ló ni ín, ìwé àṣẹ rẹ̀ kò sì ṣí sílẹ̀. Ní ọdún 2005, ilé-iṣẹ́ náà gba ọ̀fẹ́ náà padà. Linus Torvalds jókòó, ó sì ṣe Git, èyí tí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Èkó ń lò lónìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Launchpad, níbi tí Ubuntu ń kọ àléébù rẹ̀ sí: sọ́fítíwìà tó ṣí sílẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀, ṣùgbọ́n kóòdù Launchpad fúnra rẹ̀ wà ní títì títí di oṣù Keje ọdún 2009 tí àwọn olóhun tú u sílẹ̀ lábẹ́ ìwé àṣẹ AGPL. Ẹni tó bá gbé ìwé ìtàn rẹ̀ sí ilé onílé, ọjọ́ tí onílé bá ní kó jáde ni yóò mọ ohun tó ṣe.

Ọ̀rọ̀ ìdìbò kò sì sàjòjì sí èyí. Ní ọdún 2001, agbègbè olú-ìlú Ọsirélíà fi kọ̀ǹpútà dìbò, wọ́n sì gbé kóòdù ètò náà síta ṣáájú kí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ ẹ́ wò. Onímọ̀ kan láti yunifásítì wọn rí àṣìṣe nínú rẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe kí ọjọ́ ìdìbò tó pé. Ní ọdún 2013, Estóníà gbé apá kan kóòdù ìdìbò orí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ síta, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ tí wọ́n fi sí i kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti pín ẹ̀dà tó bá tún ṣe. Àwọn onímọ̀ ní ìyẹn kì í ṣe ṣíṣí tòótọ́: wọ́n ṣí fèrèsé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ní Switzerland ní ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba gbé kóòdù ètò ìdìbò rẹ̀ síta fún àyẹ̀wò. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, Sarah Jamie Lewis, Olivier Pereira àti Vanessa Teague rí àléébù kan tó lè jẹ́ kí ẹni tó wà nínú ilé yí ìbò padà láìfi ipa sílẹ̀. Ìtìjú ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìtìjú ṣáájú ìdìbò sàn ju iyèméjì lẹ́yìn rẹ̀ lọ.

Àwọn tó ń tako irú ọ̀nà yìí ní ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu. Wọ́n ní bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Kí ló dé tí ìjọba yóò fi máa fi ihò ara ogiri han olè? Èsì ni pé àwọn ìwé àkọsílẹ̀ tó dára ti ní àyè fún èyí: àléébù tó bá kan ààbò a máa wà ní ìkọ̀kọ̀ fún ìgbà díẹ̀ tí wọ́n ti dá ọjọ́ fún, títí àtúnṣe yóò fi dé ọwọ́ olùlò, lẹ́yìn èyí yóò jáde síta. Wọ́n tún lè ní ṣíṣí sílẹ̀ kò wo àìsàn gbogbo, òótọ́ sì ni. Àléébù Heartbleed wà nínú OpenSSL, tí apá púpọ̀ nínú íntánẹ́ẹ̀tì gbára lé, fún ohun tó lé ní ọdún méjì kí àṣírí rẹ̀ tó tú ní oṣù Kẹrin ọdún 2014. Kóòdù náà ṣí sílẹ̀ látìgbà náà. Àwọn tó ń wò ó ni kò tó. Ìwé àṣẹ a máa fúnni ní ẹ̀tọ́ láti wo inú ilé. Kì í fa ẹnikẹ́ni wá síbẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ ló ń sọ ìwòran di iṣẹ́, nítorí ẹni tó bá rí nǹkan mọ ibi tí yóò sọ ọ́ sí, ó sì mọ̀ pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ dá òun lóhùn.

Nàìjíríà kò ṣaláìní àwọn tó lè ṣe iṣẹ́ náà. Open Source Community Africa, tí Samson Goddy àti Ada Nduka Oyom dá sílẹ̀ ní ọdún 2018, ṣe àjọ̀dún rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Èkó ní oṣù Kejì ọdún 2020. Láti Yábàá dé Ajah, àwọn ọ̀dọ́ wà tí iṣẹ́ òòjọ́ wọn jẹ́ kíka nọ́ńbà àléébù láàárọ̀ kí wọ́n tó mu kọfí. Bí kóòdù IReV bá ti wà níta lábẹ́ ìwé àṣẹ tó yè kooro ní ọdún 2022, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn bèèrè pé, «Àyè ààrẹ dà lórí pẹpẹ yìí?» Kò sí ẹni tó lè búra pé yóò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. INEC mọ òfin ìdìbò, àwọn wọ̀nyí mọ kóòdù, kò sì sí ibi tí àwọn méjèèjì ti lè pàdé.

Ìdìbò gbogbogbòò mìíràn ń bọ̀ ní ọdún 2027. Bí ó bá tilẹ̀ ṣòro láti ṣí gbogbo kóòdù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìwé àkọsílẹ̀ àléébù kò ṣòro. Kí gbogbo àṣìṣe tó bá wáyé nínú ètò ìdìbò ní nọ́ńbà, kí aago tí wọ́n rí i wà níbẹ̀, kí iye ibùdó tó kàn wà níbẹ̀, kí orúkọ ẹ̀ka tó ń tún un ṣe wà níbẹ̀, kí ọjọ́ tó parí sì wà níbẹ̀, ní ojútáyé, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. INEC ti fi hàn pé òun mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó ṣe é fún ibùdó 10 ní VGC. Ibùdó 176,836 yòókù ló ń dúró.